Iná Lọ, Àmọ́ Kò Lọ: Ọ̀rọ̀ Mi fún Ẹ̀yin Tẹ́ Ẹ Ń Ṣe Amplifier Onítúùbù

Ọ̀rọ̀ yìí gùn, kò sì dùn. Ẹni tó bá ń wa mọ́tò lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dé ibi tẹ́ ẹ̀ ń lọ kẹ́ ẹ tó kà á. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà bá sì bá mu, kó fara dà á fún mi. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni, mi ò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, ọ̀gá kan gbé fọ́tò amplifier sórí group wa, group àwa Yorùbá tá a fẹ́ràn iṣẹ́ túùbù níhìn-ín ní Houston. Ẹ̀rọ náà dára lójú, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká purọ́. Pákó mahogany ni wọ́n fi yí i ká, wọ́n fi vánìṣì kùn ún títí tó fi ń dán bíi dígí. Túùbù KT88 mẹ́rin jókòó lórí rẹ̀ bí ìjòyè mẹ́rin láàfin. Ọ̀gá wa kọ ọ́ síbẹ̀ pé túùbù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nìkan gba owó tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan dọ́là, pé inú páálí ni wọ́n ti wà láti ayé àtijọ́, pé tiransifọ́mà rẹ̀ jẹ́ 350-0-350. Wọ́n ní ẹ̀rọ náà ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ìbàdàn, pé kọ̀ǹtánà tó ń lọ lóṣù tó ń bọ̀ ló máa gbé e. Kí wákàtí kan tó pé, èèyàn bí ogójì ti kí i: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá." "Ọlọ́run á máa fún yín lọ́gbọ́n sí i." "Ẹ kọ́ wa o, ọ̀gá."

Fọ́tò kẹta ló já mi láyà. Wọ́n dojú ẹ̀rọ náà dé ká lè rí abẹ́ rẹ̀. Mo fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù. Capacitor kan ṣoṣo ló wà lẹ́yìn rectifier, 450 fólítì ni wọ́n kọ sí i lára. Kò sí bleeder, ìyẹn resistor tó máa fa iná inú rẹ̀ gbẹ tí wọ́n bá pa ẹ̀rọ. Wáyà tó ń lọ sára ògiri, ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni, kò sí ẹsẹ̀ ti ilẹ̀. Mo béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, "Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni bleeder wà?" Èsì tí mo gbà ni pé, "Ọmọ PhD, ìwé lo mọ̀. Etí la fi ń gbọ́ orin." Wọ́n da ẹ̀rín bò mí. Ọ̀rọ̀ parí.

Kò parí o. Ẹ jẹ́ n dáhùn níhìn-ín, níbi tí àyè ti gbà mí.

Ohun tí mò ń sọ kò lọ́jú pọ̀: nínú amplifier onítúùbù, power supply ni ẹ̀rọ náà. Apá tó ń gba iná lára ògiri, tó ń gbé e ga, tó ń fọ̀ ọ́ mọ́, tó sì ń tọ́jú rẹ̀ de túùbù, òun gan-an lonílé. Àlejò ni gbogbo ìyókù. Àwa sì ń náwó lé àlejò lórí, à ń jẹ́ kí onílé máa sùn sórí ẹní. Àwọn àgbà ti sọ ọ́: ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Ẹ wo táǹkì omi tó wà lókè ilé yín nílé. Ọwọ́ tó ń yí ẹnu ẹ̀rọ kọ́ ló ń pọn omi. Omi ti wà nínú táǹkì, ọwọ́ kàn ń sọ fún un ìgbà tó máa jáde àti bó ṣe máa pọ̀ tó ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni amplifier rí. Iná tíntín tó ń ti ara gìtá tàbí rẹ́kọ́ọ̀dù wá ni ọwọ́. Túùbù ni ẹnu ẹ̀rọ. Omi tó ń jáde, tó ń ti sípíkà síwá sẹ́yìn, inú power supply ló ti wá. Ohùn tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́, tẹ́ ẹ ń mi orí sí, iná ògiri ni, iná tí wọ́n ti gbẹ́ bí ère. Tí omi táǹkì bá dọ̀tí, ẹ ò lè fi ẹnu ẹ̀rọ oníwúrà fọ̀ ọ́ mọ́. Tí táǹkì bá sì ń jò, ẹnu ẹ̀rọ tẹ́ ẹ rà lẹ́gbẹ̀rún dọ́là, ẹ̀ṣọ́ lásán ni.

Mi ò sọ èyí torí pé mo gbọ́n. Mo sọ ọ́ torí pé mo ti gọ̀ rí, ó sì ku díẹ̀ kí òmùgọ̀ yẹn gbé mi lọ.

Ọjọ́bọ̀ ni, 16 oṣù Karùn-ún, 2024. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Houston ò lè gbàgbé ìjì ọjọ́ náà, èyí tó fọ́ dígí àwọn ilé gogoro àárín ìlú, tó sì pa iná mọ́ ilé àti ilé iṣẹ́ tó súnmọ́ mílíọ̀nù kan lórí. Ilé pákó kékeré ni mò ń gbé nínú Third Ward níhìn-ín, kò jìnnà sí Emancipation Park, ilẹ̀ tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú dáwó jọ rà lọ́dún 1872 kí wọ́n lè níbi tí wọ́n á ti máa ṣe àjọ̀dún òmìnira wọn. Mo gbé amplifier tí mò ń ṣe sórí tábìlì ìjẹun. Mi ò tíì ki túùbù bọ̀ ọ́, power supply nìkan ni mò ń dán wò. Capacitor méjì ni mo so tẹ̀ lé ara wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan 220 microfarad, 350 fólítì. Mítà ka 495 fólítì. Inú mi dùn. Mo ya fọ́tò rẹ̀. Bí mo ṣe ń tẹ ọ̀rọ̀ sórí fóònù kí n lè fi ránṣẹ́ ni ojú ọ̀run ṣú, atẹ́gùn bẹ̀rẹ̀ sí í jà, iná sì lọ.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tó máa ń ṣe ọmọ Nàìjíríà tí iná bá lọ. Ara wa á balẹ̀. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ wa pé ìgbà tí NEPA bá mú iná lọ ni ìgbà láti tún wáyà ṣe. Bàbá mi kì í jẹ́ ká fọwọ́ kan ara sọ́kẹ́ẹ̀tì tí iná bá wà, àmọ́ kí iná ṣáà lọ báyìí, á ní ká sáré gbé irinṣẹ́ wá kó tó dé. Ẹ̀kọ́ yẹn wọ̀ mí lẹ́jẹ̀. Nígbà tí ìjì rọlẹ̀ lẹ́yìn bíi wákàtí kan, mo tan iná fóònù, mo ní kí n fi àsìkò yẹn ti wáyà kan tó fẹ́ kan irin sẹ́yìn. Ṣebí iná ò sí. Iná ò sí nílé. Iná ò sí ládùúgbò. Tí mo bá yọjú lójú fèrèsé, òkùnkùn ni mò ń rí títí dé ìparí òpópónà.

Àmọ́ iná wà nínú capacitor mi. Gbogbo rẹ̀ pátá ló jókòó síbẹ̀, kò sọ̀rọ̀, kò mí, kò sì gbàgbé.

Ọwọ́ òsì mi di etí irin mú, ọwọ́ ọ̀tún mi ló kan wáyà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ẹ mọ ohun tó wà láàárín ọwọ́ méjèèjì: ọkàn ni. Iná gbé mi. Mi ò mọ bí mo ṣe dé ara ògiri òdìkejì. Apá mi kú títí ilẹ̀ fi mọ́, àpá kékeré méjì ṣì wà ní orí ìka mi títí dòní, ẹni tó bá fẹ́ kó wá wò ó. Èmi nìkan ni mo wà nílé. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń ṣe ségesège. Ká ní mo kú lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ìyàwó mi ní Abẹ́òkúta ì bá máa pe fóònù mi títí bátìrì á fi kú tẹ̀ lé mi.

Kí ló dé tí capacitor yẹn ò gbẹ? Torí pé mo yọ resistor méjì kúrò nínú ètò tí mò ń tẹ̀ lé. Kí ló dé tí mo yọ wọ́n? Torí pé ẹnì kan tí mo bọ̀wọ̀ fún nínú iṣẹ́ yìí sọ fún mi pé wọ́n ń fi iná ṣòfò. Mi ò bá a jà, èmi ni mo gbà á gbọ́. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣírò òfò náà. Resistor 220k kan lórí capacitor kọ̀ọ̀kan: 495 fólítì, ẹ fi 440k pín in, ẹ ó rí mílíámpù kan àti díẹ̀. Ẹ̀rọ náà á máa jẹ bíi 250 mílíámpù nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Òfò ọ̀hún kò tó ẹyọ kan nínú igba! Ohun tí ẹ máa rí gbà nídìí òfò yẹn ni pé láàárín ìṣẹ́jú méjì tẹ́ ẹ bá pa ẹ̀rọ, iná inú rẹ̀ á ti wálẹ̀ sábẹ́ 50 fólítì, tó bá sì fi máa tó ìṣẹ́jú mẹ́rin ó kàn máa ku bíi mẹ́ta. Àti pé resistor méjèèjì yìí kan náà ló ń mú kí àwọn capacitor pín ẹrù lọ́gbọọgba, kí ọ̀kan má bàa ru èyí tó pọ̀ jù kó sì bẹ́. Iṣẹ́ méjì, owó tí kò tó dọ́là méjì. Òun la pè ní òfò.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sórí ẹ̀rọ Ìbàdàn. Ẹ mú bírò.

350 tí wọ́n kọ sára tiransifọ́mà kọ́ ni capacitor máa rí. Iná AC ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, góńgó rẹ̀ ni capacitor máa ń gbá mú. Ẹ fi 1.414 sọ 350 di púpọ̀, ẹ ó rí 495. Capacitor tí wọ́n kọ 450 sí lára ti jẹ gbèsè 45 fólítì kí ẹnikẹ́ni tó kọ orin kan. Ẹ máa sọ fún mi pé tí túùbù bá ń jẹun, fólítì á wálẹ̀. Òótọ́ ni, tí wọ́n bá ti gbóná. Àmọ́ diode ni ọ̀gá wa fi ṣe rectifier. Diode kì í dúró de ẹnikẹ́ni: bẹ́ ẹ ṣe tẹ súwíìṣì ni gbogbo fólítì dé. Túùbù á ṣì máa gbóná fún ogún ìṣẹ́jú àáyá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sẹ́ni tó ń jẹun nídìí táǹkì, capacitor nìkan ló sì dúró níwájú 495. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá tan án ló ń ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ kan lẹ máa gbọ́ ìró "gbòlà", èéfín á sì dé.

A ò tíì ka ti ògiri mọ́ ọn. Púpọ̀ nínú àwọn tiransifọ́mà àtijọ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tẹ́ ẹ̀ ń rà, 110 tàbí 115 tàbí 117 fólítì ni wọ́n ṣe wọ́n fún. 120 ni iná òde òní, ó sì lè wà láàárín 114 sí 126 láìjẹ́ pé nǹkan kan bàjẹ́. Mo wọn ti ilé mi lóru, 125 ni. Tiransifọ́mà 117 tó bá rí 125, 495 rẹ̀ á di 529. Iná 6.3 tó ń mú túùbù gbóná á súnmọ́ 6.7, tó ti fẹ́ dé ẹnu ààlà ohun tí ọ̀pọ̀ túùbù lè fara dà. Diode 1N4007 tí gbogbo wa ń lò, 1,000 fólítì ni òpin agbára rẹ̀ nígbà tí iná bá kọjú sí i láti ẹ̀yìn. Nínú irú ètò yìí, ìlọ́po méjì góńgó ló máa ń rí: 990 nígbà tí ara yá, 1,058 nígbà tí ògiri bá dé 125. Ó ti ré kọjá òpin nìyẹn. Diode kejì tẹ̀ lé e, sẹ́ǹtì mélòó kan, ọ̀rọ̀ parí. Àmọ́ diode ò ṣeé ya ní fọ́tò, àbí?

Ibẹ̀ gan-an ni ìjà mi wà. Ohun tójú ń rí là ń náwó lé. Túùbù ń tàn, ó lórúkọ, ó ní páálí àtijọ́, èèyàn lè fi yangàn. Choke, irin dúdú tí wọ́n fi wáyà wé, ta ló fẹ́ wò ó? Bẹ́ẹ̀ òun ló ń fọ iná mọ́. Ẹ gbọ́: capacitor 50 microfarad tí ẹ̀rọ ń fa 200 mílíámpù lára rẹ̀ á ní ìrugùdù bíi 33 fólítì nínú iná tó ń gbé jáde níhìn-ín, 120 ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ fi choke 10 henry àti capacitor 50 mìíràn tẹ̀ lé e, fólítì 33 yẹn á di bí ìdá kan nínú mẹ́jọ fólítì kan. Ìró "hùùù" tó ń yọ yín lẹ́nu, tẹ́ ẹ torí rẹ̀ pààrọ̀ túùbù lẹ́ẹ̀mẹta, tẹ́ ẹ ní "túùbù yìí ò dáa," kò sí lára túùbù. Wọ́n ní ìwà lẹwà. Power supply ni ìwà amplifier, túùbù ni ojú rẹ̀.

Mo mọ àwọn àtakò. Ẹ jẹ́ n gbà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èkíní, èyí tó ní láárí jù: wọ́n ní power supply tó bá le jù máa ń pa ohùn, pé blues nílò iná tó ń tẹ̀, tó ń mí. Èmi tí mò ń gbé Third Ward ni ẹ̀ ń sọ ọ́ fún? Àdúgbò Lightnin' Hopkins nìyí. Ibí ni Albert Collins àti Johnny Copeland ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹ́ kí gìtá sunkún. Eldorado Ballroom tí Anna àti Clarence Dupree ṣí lọ́dún 1939 ṣì dúró síbẹ̀ lórí Elgin, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì tún ṣí i lọ́dún 2023. Mo mọ ohun tẹ́ ẹ̀ ń sọ. Tí onígìtá bá fọwọ́ líle gbá okùn, rectifier onítúùbù á rẹ̀wẹ̀sì díẹ̀, fólítì á wálẹ̀, ohùn á fún pọ̀, á sì tún dìde. Ó dùn, èmi náà fẹ́ràn rẹ̀.

Àmọ́ ẹ̀rọ tó ń tẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n ṣètò rẹ̀ ni. GZ34 máa ń sọ bíi 17 fólítì nù tó bá ń gbé 225 mílíámpù. 5U4 máa ń sọ ju ìlọ́po méjì ìyẹn nù. Ẹ yan èyí tẹ́ ẹ fẹ́. Ẹ yan ìwọ̀n capacitor tó máa tẹ̀ lé e, kẹ́ ẹ sì rántí pé àwọn tó ṣe GZ34 sọ pé capacitor àkọ́kọ́ kò gbọ́dọ̀ ju 60 microfarad lọ. Ẹni tó ń jó, tó ń tẹ ìbàdí, kì í ṣe pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Ohùn tó ń tẹ̀ kò sí nínú yíyọ bleeder. Kò sí nínú yíyọ fíùsì. Kò sí nínú gígé ẹsẹ̀ ilẹ̀ kúrò lára wáyà. Ẹ má fi orúkọ blues bo ọ̀lẹ mọ́lẹ̀.

Èkejì: "Owó ò sí." Ọ̀gá, ẹgbẹ̀rún dọ́là túùbù ńkọ́? Wáyà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, fíùsì méjì, diode, resistor, capacitor méjì tó tọ́, thermistor tó máa dẹwọ́ iná nígbà tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan án: gbogbo èyí tí mo rà fún tèmi kò tó 40 dọ́là. Ẹ ra túùbù tó jẹ́ tòde òní, ẹ fi ìyókù owó kọ́ ìpìlẹ̀.

Ẹ̀kẹta: "Tèmi ti ń ṣiṣẹ́ látọdún mẹ́ta, kò ṣe nǹkan kan." Ojoojúmọ́ ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Tèmi náà ti ṣiṣẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ yẹn.

Ẹ̀kẹrin: "Amẹ́ríkà la wà, iná ibí kì í ṣe bíi ti NEPA." Háà! Ṣé a ti gbàgbé oṣù Kejì ọdún 2021, tí òtútù mú Texas, tí ilé tó ju mílíọ̀nù mẹ́rin lọ wà nínú òkùnkùn? Ṣé a ti gbàgbé oṣù Keje ọdún 2024, tí ìjì Beryl mú iná lọ lọ́wọ́ ilé àti ilé iṣẹ́ tó ju mílíọ̀nù méjì lọ, tá a wá ń tò síwájú ilé epo pẹ̀lú gálọ́ọ̀nù fún jẹnẹrétọ̀ bíi pé Ọ̀jọ́ta la wà? Iná tó bá lọ máa padà, tó bá sì ń padà, kì í sábà kan ilẹ̀kùn. Ẹni tó ń ṣe power supply gbọ́dọ̀ ṣe é fún iná tó wà, kì í ṣe fún iná tó wù ú.

Ẹ jẹ́ ká wá gbé ẹ̀rọ yìí dé Ìbàdàn, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti le.

Iná Nàìjíríà, 230 fólítì ni lórúkọ, 50 Hz. Ẹ máa fi step-down sí i, 230 á di bíi 120. Ó dáa. Àmọ́ step-down ò lè sọ 50 di 60. Tiransifọ́mà tí wọ́n ṣe fún 60 nìkan, tó bá rí fólítì kan náà ní 50, irin inú rẹ̀ á ru ẹrù tó fi ìdá márùn-ún lé sí i. Tí wọn ò bá fi àyè sílẹ̀ fún un nígbà tí wọ́n ń ṣe é, á máa gbóná, á máa kùn, á sì jó ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìrugùdù 33 fólítì tí mo sọ lókè náà á di 40. Orúkọ lásán sì ni 230 yẹn. Ní ilé wa, mo ti rí ọjọ́ tí iná ń ṣe bí àtùpà, mo sì ti rí ọjọ́ tó dé wùyà tí gílóòbù mẹ́ta jó pa pọ̀. Ìdí nìyẹn tí stẹ́bíláísà fi wà nídìí fìríìjì ìyá mi. Ìyá mi ò ka ìwé iná mànàmáná kankan, àmọ́ ó mọ̀ pé a kì í gbé ohun olówó iyebíye síwájú NEPA láìní nǹkan tó máa gbà á sílẹ̀.

Ẹ wo ọjọ́ Ìsinmi kan péré. Iná wà, wọ́n tan ẹ̀rọ. Iná lọ, wọ́n sáré tan jẹnẹrétọ̀. Iná dé, wọ́n yí i padà. Capacitor 450 yẹn ń gba ìyà lẹ́ẹ̀kan sí i nígbàkígbà tí túùbù bá ti tutù. Ọmọ akọrin di okùn gìtá mú, irin amplifier lokùn náà so mọ́. Kò sí wáyà ilẹ̀. Tí iná bá já wọ ara irin nínú ẹ̀rọ, kò síbi tó máa gbà lọ, fíùsì ò sì ní jó. Ọmọ náà á wá fi ètè kan makirofóònù, èyí tí ẹ̀rọ mìíràn ti so mọ́ ilẹ̀. Ọ̀nà ti ṣí nìyẹn: láti ọwọ́ dé ẹnu. Àwọn ará ìjọ á rò pé ẹ̀mí ló gbé e.

Ẹ jẹ́ ká ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ní ẹ̀rọ náà kàn dákẹ́ ni. Wọ́n á pe ọmọkùnrin kan tó ń tún rédíò ṣe ní òpópónà kejì, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, tó mọ transistor dáadáa, àmọ́ tí kò rí túùbù rí láyé rẹ̀, torí àwọn bàbá tó tún asọ̀rọ̀mágbèsì onítúùbù ṣe ti ń lọ tán. Nígbà wo ló máa ṣí ẹ̀rọ náà? Ẹ dá mi lóhùn. Ọmọ tó gbọ́n, tí wọ́n kọ́ dáadáa nílé, nígbà wo ló máa ki ọwọ́ bọ inú iná?

Nígbà tí iná bá lọ ni.

Ìdí tí mi ò fi lè dákẹ́ nìyẹn. Ọgbọ́n tó gba ẹ̀mí wa là nílé ni ẹ̀rọ yìí máa fi pa á.

Bàbá aláwọ̀ dúdú kan wà ní òpópónà wa níhìn-ín, tó ti ń tún amplifier ṣe látìgbà tí túùbù ṣì wà nínú tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tí mo sọ ohun tó ṣe mí fún un, kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn fi àpò òsì ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀ hàn mí, tó ti já lẹ́nu. Ọwọ́ kan nínú àpò, ọwọ́ kan lórí iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ ọ, ẹ̀kọ́ ọjọ́ kìíní sì ni. Àwa tá a wá láti ilẹ̀ tí ọmọ iṣẹ́ ti ń gbálẹ̀ ìsọ̀ fún oṣù mélòó kan kó tó di irinṣẹ́ mú, kí ló dé tá a kó túùbù fún ara wa lórí group, tá ò kó ẹ̀kọ́ ọjọ́ kìíní?

Nítorí náà, ohun tí mò ń béèrè rèé, kì í ṣe fún ọ̀gá kan nìkan, fún gbogbo wa ni. Kí ẹ̀rọ kankan tó wọ kọ̀ǹtánà, kí wáyà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wà lára rẹ̀, kí ti ilẹ̀ ní bóòtù tirẹ̀ lára irin, tí ohunkóhun mìíràn ò bá a pín. Kí iná tó wọlé kọ́kọ́ gba inú fíùsì kọjá kó tó dé súwíìṣì, kí fíùsì kejì sì wà lójú ọ̀nà fólítì gíga. Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ àtijọ́ ni, ẹ yọ capacitor tí wọ́n so láàárín ògiri àti irin, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ibí fi ikú sọ lórúkọ. Kí diode jẹ́ méjì méjì. Kí capacitor lè ru iná ọjọ́ tó burú jù, kì í ṣe ti ọjọ́ tó dùn jù, kí resistor sì wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Kí tiransifọ́mà ohun tó ń lọ sílé jẹ́ èyí tó gba 230 ní 50 Hz fúnra rẹ̀. Kẹ́ ẹ sì lẹ ìwé kan mọ́ abẹ́ rẹ̀, lédè tí ọmọ òpópónà kejì máa kà. Ti ara tèmi sọ pé: "Iná lè ti lọ, èmi ṣì ní. Fi mítà wọ̀n mí kó o tó fọwọ́ kàn mí."

Ọ̀gá wa, tẹ́ ẹ bá ń ka èyí, mo dọ̀bálẹ̀. Iṣẹ́ pákó yín, mi ò lè ṣe ìdajì rẹ̀. Etí yín mọ orin ju tèmi lọ, mi ò jiyàn. Wọ́n ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Mo wà nílé ní Sátidé yìí àti èyí tó tẹ̀ lé e. Resistor wà, capacitor wà, wáyà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wà, mi ò gba kọ́bọ̀. Ẹ gbé e wá. Tiransifọ́mà nìkan la máa jọ wá owó rẹ̀, èmi ni màá kọ́kọ́ dá tèmi. Àá jọ ṣe é, màá se ìrẹsì, ẹ̀yin á fi rẹ́kọ́ọ̀dù tó bá wù yín dán an wò. Kọ̀ǹtánà ò tíì lọ.

Ẹ̀yin yòókù, ẹ lọ ṣí tiyín wò lálẹ́ òní. Ẹ yọ ọ́ lára ògiri, ẹ dúró ná, ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n, ẹ ki ọwọ́ kan bọ àpò. Tí mítà bá ṣì ń ka fólítì tó pọ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ pè mí.

Ó dàárọ̀ o.